Ẹ̀rọ Méjì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Kan

                                                            Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
                                                            Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn Ńlá.
                                                            Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú ojú lọ́nà lẹ́tà mi. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa sọ ọ́ káàkiri pé àbúrò yín ti gbàgbé ilé. N kò gbàgbé o. Iṣẹ́ ló gbá mi mú tí kò jẹ́ kí n mí. Báwo ni orúnkún yín? Ṣé ẹ ti ń dìde rìn díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ bí dókítà ṣe wí, àbí orí kunkun yín náà ṣì ni? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ wọn ti lọ? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n yé mu omi tútù láàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé wọn kò ní gbọ́. Màmá ńkọ́? Ṣé ojú wọn ti ń ríran sí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Kí ẹ kà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì fo ibi tí ẹ bá rò pé kò ní yé wọn. Yóò yé wọn. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wà nínú rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì sọ ọmọ mẹ́fà lórúkọ tí a kò fi ti ọ̀kan pe èkejì rí, àfi ìgbà tí inú bá ń bí wọn.

Ní tiwa, a dúpẹ́. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó ní ṣòkòtò tí ẹ rán sí òun bá òun mu, àfi pé ikùn òun ti yọ díẹ̀ ju ìgbà tí ẹ wọn òun lọ. Àbíkẹ́yìn wa ti ń ká eyín, ó wá ń fi ibi tó ṣófo súfèé láti àárọ̀ dalẹ́. Orí fífọ́ nìkan ni mò ń rí gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara ọmọ le, ìyẹn náà tó ọpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé ni ọ̀gá mi, ìyá kan tí gbogbo ilé-ìwòsàn ń pè ní Ìyá Jẹ́jẹ́. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún yín lórí fóònù níjọ́sí, ṣùgbọ́n owó ìpè tán kí n tó kúrò lórí ìkíni. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni olórí yàrá ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í sáré, wọn kì í pariwo. Bí iná bá ràn mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dá mi lójú pé "jẹ́jẹ́" ni wọ́n á kọ́kọ́ wí kí wọ́n tó bu omi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n ni wọ́n fi ń rọra ṣe nǹkan. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé èèyàn tí ẹ̀rù ń bà gan-an ló máa ń sáré.

Yàrá wa kò ní fèrèsé. Ó tutù débi pé sùẹ́tà tí ẹ hun fún mi kì í kúrò lọ́rùn mi, bó ti wù kí oòrùn mú níta. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ páálí líle tí a lè ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́ rẹ̀ sì ni gbogbo wáyà sùn sí. Ẹ̀rọ ńlá náà ga ju èèyàn lọ, ó fẹ̀ tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mẹ́ta tí a tò mọ́ra, ó sì ń kùn ṣáá bí ilé oyin. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo aláìsàn wà, irú ẹ̀jẹ̀ wọn, oògùn tí dókítà kọ fún wọn, àti èsì gbogbo àyẹ̀wò. Bí ó bá sùn, gbogbo ilé-ìwòsàn á padà sí bébà àti bírò.

Ẹ̀rọ yìí ní orúkọ. Mi ò fi ṣeré o. Bí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, ó ní láti kọ́kọ́ sọ pé èmi lágbájá nìyí, nọ́ńbà mi sì nìyí, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ṣe ń dá ara rẹ̀ mọ̀ fún onílé. Orúkọ àti nọ́ńbà náà wà nínú fáìlì kan tí ẹ̀rọ máa ń kà nígbà tó bá ń jí, kó tó ṣe ohunkóhun. Ohun tó bá kà níbẹ̀ ló gbà pé òun jẹ́, títí a ó fi pa á tí a ó sì tún un tan. Orúkọ ọ̀hún kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́fà lọ, kò sì gba àmì ohùn. Ìlera ni tiwa ń jẹ́, ILERA ni a ń kọ ọ́. Ìyá Jẹ́jẹ́ ló fún un ní orúkọ náà nígbà tí wọ́n ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa fẹ́ fi lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán pè é, bí ìgbà tí wọ́n ń pe ẹlẹ́wọ̀n. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní rárá, ẹ̀rọ tí yóò máa tọ́jú ọ̀rọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ ní orúkọ tó dùn lẹ́nu.

Ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé wà ní òdìkejì títì sí wa. Láàbù tó dára, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Àwọn ọmọ tí ń ṣàìsàn, ọ̀dọ̀ tiwọn ni wọ́n wà. Láti ọjọ́ pípẹ́, ẹsẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò fi ń sọdá títì, nínú òjò àti nínú oòrùn. Ìgbà tí ìjọba wá ní kí a so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, inú gbogbo wa dùn. Wọ́n gbẹ́ títì, wọ́n ri wáyà mọ́ abẹ́ rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwòsàn sì ti pe àwọn èèyàn pàtàkì pé kí wọ́n wá wò ó.

Ẹni tó jẹ́ olórí yàrá ẹ̀rọ tọ̀hún, ọkùnrin ni, kò sì ju mí lọ. Gbólóhùn-kan ni a ń pè é. Ẹ lè bá a ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó má sọ ju ìyẹn lọ. Àwa tí a wà lọ́dọ̀ wa kì í fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A rò pé ìgbéraga ni.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n so wáyà náà pọ̀. A pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí ìpàtẹ́wọ́ náà rọlẹ̀ tí wàhálà fi dé. Ìsopọ̀ náà á jí, á tún kú, á jí, á tún kú. Ó dà bí ẹni méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró, tí ìkínní yà fún ìkejì, tí ìkejì náà sì yà síbi kan náà. Àwọn tó ri wáyà ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Àwa ní wáyà wọn ni kò dára. Gbólóhùn-kan tẹ̀ wá láago, ó ní, "Ẹ wo tiyín," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà kí n sọ gbólóhùn tèmi náà fún un.

Ibi tí a ti ń fà á ni Mátírọ́ọ̀nù ilé-ìwòsàn ọmọdé ti pè. Èmi ni mo gbé e. Wọn ò tilẹ̀ kí mi.

"Níbo ni èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin tó wà ní wọ́ọ̀dù kejì wọlé sí?" ni wọ́n bi mí. "Láàbù yín ní àwọn ti fi ránṣẹ́ láti àárọ̀. Kò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti lọ sílẹ̀ jù, èyí tó ń bá gbogbo èèyàn mu sì ti tán nínú fíríìjì wa. Dókítà ò lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìmọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀."

Mo sọ fún Ìyá Jẹ́jẹ́. Wọn kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, wọn kò sì wo ojú wáyà. Wọ́n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ ńlá, wọ́n tẹ àṣẹ kan tí mo ti rí láìmọye ìgbà tí n kò kà á sí. Ìbéèrè ni. Ohun tó ń bi ẹ̀rọ ni pé, ìwọ ta ni? Ẹ̀rọ dáhùn pé ILERA, ó sì sọ nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n wá gbé fóònù, wọ́n ní kí Gbólóhùn-kan bi tirẹ̀ léèrè bẹ́ẹ̀. Mo dúró ti Ìyá Jẹ́jẹ́, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù.

"ILERA," ló wí.

"Nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́?"

Ó kà á. Bákan náà ni pẹ̀lú tiwa, láìyọ ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aránṣọ, ẹ ó tètè mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwòsàn ọmọdé ra ẹ̀rọ tiwọn, àwọn tó tà á fún wọn kò fẹ́ ṣe wàhálà. Tiwa ni wọ́n dà kọ, bí ìgbà tí ẹ bá fi páálí aṣọ ẹnìkan gé ti ẹlòmíràn, tí ẹ sì wá da orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tó wà ní igun páálí kọ mọ́ ọn. Níwọ̀n ìgbà tí kálukú wà nílé rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pàdé ni ìjà dé. Èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn kò tilẹ̀ kúrò nílé. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ wa gbé e fún ILERA, ó wo ara rẹ̀, ó rí i pé òun náà nìyẹn, ó gbé e fún ara rẹ̀, ó sì sinmi.

"Ẹ yọ wáyà yẹn," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Títí tí a ó fi tún un ṣe, ẹsẹ̀ ni kí gbogbo èsì fi máa rìn."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Ọ̀gá Àgbà wọlé. Àwọn àlejò wọn ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Ojú wọn ti le kí wọ́n tó gbọ́rọ̀ tán.

"Ẹ má yọ nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò wò ó tán, kí wọ́n lọ, lẹ́yìn náà ẹ lè tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀."

Ìyá Jẹ́jẹ́ dìde dúró, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n sì wí pé, "Ẹ má bínú sà. Ẹ̀yin ń wo àlejò, èmi ń wo ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fi wáyà yìí sílẹ̀, èsì ọmọ kan lè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mìíràn. N kò lè tan nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí n máa rẹ́rìn-ín sí àlejò."

"Ẹ ń kọ̀ fún mi ni?"

"Mò ń bẹ̀ yín ni sà. Ṣùgbọ́n màá yọ ọ́."

Wọ́n sì yíjú sí mi, wọ́n ní kí n lọ tẹ èsì náà jáde, kí n sì gbé e sọdá. Ọ̀gá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ bí mo ṣe gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò sáré bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò níléèwé. Mátírọ́ọ̀nù ń dúró dè mí ní gèètì. Wọ́n já bébà náà gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì yí padà sínú ilé láìsọ nǹkan kan. Mo fara ti ògiri, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ṣe díẹ̀ kí nọ́ọ̀sì kan tó jáde wá sọ fún mi pé wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára, pé ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Ìgbà yẹn ni mo tó lè rìn padà.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti orúkọ. Ta ni yóò yí padà nínú àwọn méjèèjì? Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ ká máa bi ara wa. Tiwa ni àgbà, tiwa ni wọ́n dà kọ. Ẹnìkan tilẹ̀ ní a kì í bí ọmọ tán kó lọ já fìlà bàbá rẹ̀ dé. Ìgbà tí Gbólóhùn-kan dé sí ìpàdé, tó ní, "Tiwa kò ní yí," ariwo ta. Ọ̀rọ̀ tí mo ní nínú lòdì sí i kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà tí Màmá máa gbọ́.

Ìyá Jẹ́jẹ́ jẹ́ kí a pariwo tán. Wọ́n wá bi í pé, "Bí a bá pa tiyín fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sì sọ ju bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe gbọ́ rí lọ. Ó ní àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù wà nínú àpótí gíláàsì lájà òkè, àti pé ẹ̀rọ kéékèèké tó ń gbọ́ èémí wọn, ẹ̀rọ ńlá náà ni wọ́n ń ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. "Bí ó bá sùn, tàbí tó jí pẹ̀lú orúkọ mìíràn," ló wí, "ọmọ kan lè ṣíwọ́ mímí kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn má mọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín láti àárọ̀."

Ojú tì mí fún ohun tí mo ti ń rò sí i.

"Ó tán," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Tiwa ni yóò yí. Àwọn aláìsàn tiwa tó ń wá gbàtọ́jú lọ sílé máa ń lọ tán kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́ọ̀dù lè fi bébà ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan."

Nígbà tí a padà dé yàrá wa, mo ní, "Mà, orúkọ tí ẹ fúnra yín sọ ọ́ ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orúkọ náà dára," ni wọ́n wí. "Àwọn ọmọdé á máa lò ó lọ." Wọ́n sì yíjú sí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n gbé ọwọ́ lé ara ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́wọ́ lé orí ọmọ tó fẹ́ rìnrìn àjò.

Gbogbo wa la wá di alábàá orúkọ. Ọ̀kan nínú wa ní kí a pè é ní Ìyálé, kí àwọn ará òdìkejì lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní tí a bá fi ìyẹn pè é, ọjọ́ wo ni ìjà á tán láàárín àwọn méjèèjì? Àlàáfíà ni wọ́n mú. A yọ A kan kúrò, ó di ALAFIA tí a bá kọ ọ́, lẹ́tà mẹ́fà géérégé, a sì fún un ní nọ́ńbà tuntun pẹ̀lú.

Kì í ṣe pé a kàn pa ti àtijọ́ rẹ́ tí a kọ tuntun síbẹ̀ o. Orúkọ dà bí òórùn ẹja. Ẹ lè fọ ìkòkò mọ́ tónítóní kó ṣì kù nínú ọmọrí. Ó wà nínú fáìlì ìjí ẹ̀rọ, ó wà nínú èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń kà, ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní gbogbo wọ́ọ̀dù, ó wà níbi tí a kọ ẹni tó láṣẹ láti wọlé sí. Ìyá Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀rọ náà kọ pamọ́ bó ṣe wà, kí a lè rí ọ̀nà padà bí ọ̀nà iwájú bá dí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó, tí wọ́n ń wá ilé orúkọ náà kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ, èmi á kà á sókè lẹ́tà lẹ́tà, wọ́n á wò ó, kí a tó kọjá síbòmíràn. Nígbà kan, mo ka lẹ́tà kan ní àkàsáré. Wọ́n ní, "Jẹ́jẹ́, ọmọ mi. Lẹ́tà yẹn náà ní èèyàn lẹ́yìn." N kò tún kàwé ní àkàsáré mọ́ láti ìgbà náà, títí kan orí páálí oògùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni a ṣe é, lẹ́yìn tí èrò ti túká. Wọ́n ti pe gbogbo wọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti dúró gbọ́ kí olúkúlùkù wọn sọ pé àwọn ti mú bébà jáde. Ó kù díẹ̀ kí a pa ẹ̀rọ ni ilẹ̀kùn ṣí, Gbólóhùn-kan wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó kí Ìyá Jẹ́jẹ́, ó fa àga, ó jókòó tì wọ́n.

A pa á. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ yẹn ti wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ àfi ìgbà tó dákẹ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá dédé gbọ́ pé aago ara ògiri ti dúró. Wọ́n tún un tan. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà, ó dé ibi tí ẹ̀rọ ti máa ń sọ ẹni tó jẹ́, ó sì kọ ọ́ pé ALAFIA. Inú wa dùn. Ìyá Jẹ́jẹ́ wá ní kí wọ́n ki wáyà títì bọ̀ ọ́ padà. Wọ́n ki wáyà náà bọ̀ ọ́. Kò jí. Ẹ̀rọ wa ń kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn tọ̀hún kò ṣí.

Ọ̀gá Àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Wọn kò bínú bíi ti àná, àárẹ̀ ló wà lójú wọn. "Ṣé kò ṣeé dá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?" ni wọ́n bi wá.

"Ó ṣeé dá padà sà, nígbàkigbà," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n mọ ìdí rẹ̀ ná." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí a kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn wọn kò lọ sókè, kò sì rọlẹ̀.

Wọn kò tíì kà á dé ìdajì tí Gbólóhùn-kan fi dìde. Òógùn wà níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn. "Ẹ má wulẹ̀ kà á mọ́, mà," ló wí. "Lọ́dọ̀ mi ni. Èmi ni mo kọ orúkọ tuntun yín sínú ẹ̀rọ wa kó lè dá yín mọ̀. Mo kọ orúkọ, mo gbàgbé nọ́ńbà. Nọ́ńbà àtijọ́ ló ṣì ń retí. Tiyín ò ní nǹkan kan." Iwájú Ọ̀gá Àgbà ló ti sọ ọ́, iwájú gbogbo wa. Ó lè dákẹ́ kó lọ tún un ṣe níkọ̀kọ̀, a kì bá mọ̀ láéláé. Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti wà lójú títì.

Ìyá Jẹ́jẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa nìyẹn." N kò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni nínú wa, ó dùn mí díẹ̀, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Kò pẹ́ tí ìsopọ̀ náà fi jí, kò sì kú mọ́. Láàbù ti ní èsì kan nílẹ̀ láti ṣe ìdánwò, èsì ẹ̀jẹ̀ tuntun ti ọmọbìnrin ọjọ́sí. Wọ́n fi ránṣẹ́. A dúró ti fóònù bí ẹni tó ń retí ìròyìn ìbímọ. Mátírọ́ọ̀nù pè. "Ó ti dé," ni wọ́n wí. "Orúkọ ọmọ ló wà lórí ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti gbéra sókè." Gbogbo yàrá pariwo, àfi ẹnìkan tí ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n ń pe àwọn wọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n kó bébà padà.

Ìgbà tí àwọn àlejò, tí Ọ̀gá Àgbà ti sún ìbẹ̀wò wọn síwájú, wá dé lẹ́yìn náà, a rò pé Ọ̀gá Àgbà á sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fà síwájú. Wọ́n ní, "Obìnrin yìí lé mi jáde nínú yàrá ẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé ó lé mi."

"N kò lé yín sà," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí, "mo ní kí ẹ rọra ni." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó sì tán síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mo fẹ́ kí Màmá gbọ́ dáadáa nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. Obìnrin kan ni, ó mú ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́, bándéèjì ṣì wà lápá ọmọ náà níbi tí wọ́n ti gún un. Wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, ilé ni wọ́n ń lọ. Ó wo ojú wa kiri, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń jẹ́ Àlàáfíà nínú yín?"

A wo ara wa.

"Àwọn nọ́ọ̀sì ni," ló tún wí. "Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú èsì ọmọ mi wá, wọ́n á ní Àlàáfíà ló fi ránṣẹ́. Mo ní n kò ní lọ sílé láìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀kan nínú wa ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Jẹ́jẹ́ wò ó, ó gbé e mì. Wọ́n dìde, wọ́n di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, wọ́n mú un dé iwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì sọ fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé òun rèé. Mo rò pé ojú á ti obìnrin náà. Kò tì í. Ó wo ẹ̀rọ náà láti òkè délẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ara irin rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ náà lé e. Ó ní, "Àlàáfíà, o ṣeun. Ọlọ́run á dá àwọn tó bí ọ sí."

Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣe àmín. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, wọ́n jókòó sí àga wọn, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n sì nu ún pẹ́ gan-an.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, àwọn ọmọ, àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ kí Màmá fún mi ju gbogbo wọn lọ, kí ẹ sì kọ̀wé sọ ohun tí wọ́n bá wí fún mi. Bí orúnkún kò bá jẹ́ kí ẹ jókòó kọ ọ́, ẹ ní kí àkọ́bí yín kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó máà fi kún un.

Ó dìgbà tí a bá fojú kanra.

                                                            Tiyín ni mí títí ayé,
                                                            Àbúrò yín,
                                                            Eyínfúnjowó.